Ojú Ta Ló Wà Lára Ife Yìí?

Ife gíláàsì kan ni, aláwọ̀ ewé, tó nípọn nídìí tó sì fún lẹ́nu. Ojú ènìyàn ni wọ́n yọ síwájú rẹ̀: iwájú orí gbọọrọ, eegun ìpéǹpéjú tó yọ síta, imú gígùn, ètè tó pa dé bí ẹni tí kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti rí àwòrán àwọn ère òkúta erékùṣù Rapa Nui ní òkun Pàsífíìkì rí, èyí tí wọ́n ń pè ní moai, kò ní í béèrè ibi tí wọ́n ti wo ojú náà. Ẹ̀yìn ife ọ̀hún dán, kò sí iṣẹ́ ọnà kankan níbẹ̀. Bí ẹ bá dojú rẹ̀ dé, ẹ ò ní rí orúkọ ilé-iṣẹ́ nídìí rẹ̀, ẹ ò ní rí ọdún, ẹ ò ní rí orúkọ ìlú. Ṣàngó-Ọ̀tà ni mo ti rà á, lára àwọn ẹrù tòkunbọ̀ tí wọ́n máa ń tẹ́ sórí tapólì lẹ́bàá títì, níbi tí abọ́, ìkòkò àti fáànù ilẹ̀ òyìnbó ti ń gun ara wọn lórí. Ìyá tó tà á fún mi ní, "Bọ̀dá, ẹ gbé olórí yìí lọ, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ẹ̀." Òótọ́ ló sọ, lọ́jà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, ní Yúróòpù àti ní Japan, ife tíkì ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, àwọn kan sì wà tí ilé wọn kún fún un láti ilẹ̀ dé àjà.

Ẹnìkan lè ní kí ló kan lámèyítọ́ nínú ọ̀rọ̀ ife ọtí. Ìwé là ń ṣe lámèyítọ́ rẹ̀, eré orí ìtàgé, sinimá, àwo orin. Ọ̀tà kọ́ ni wọ́n á ti sọ bẹ́ẹ̀. Kí iléeṣẹ́ ńlá-ńlá tó gba ẹ̀bá títì, ìlú agbẹ́gilére ni ìlú Àwórì yìí. Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n gbẹ́ ní Ọ̀tà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lókè òkun lónìí. Bí ère tuntun bá jáde sójú agbo, àwọn òǹwòran kì í panu mọ́. Wọ́n á wò ó bóyá ó jókòó dáadáa lórí ẹni tó gbé e, bóyá gèlè tí wọ́n gbẹ́ sí i jọ gèlè, bóyá ẹni tí wọ́n ń fi ère náà bú tàbí tí wọ́n ń fi yìn hàn lójú rẹ̀. Ní ọdún 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún àjùmọ̀ní Nàìjíríà, Benin àti Tógò tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Ojú tí àwọn òǹwòran yẹn fi ń wo ère ni n óò fi wo ife yìí.

Àṣà tíkì fúnra rẹ̀, ìyẹn ti àwọn ilé ọtí tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ bí erékùṣù Pàsífíìkì, kò tíì pẹ́ tó bí àwọn tó ń tà á ṣe ń sọ. Oṣù Kejìlá ọdún 1933 ni Amẹ́ríkà fòpin sí òfin tó ka ọtí títà léèwọ̀. Rọ́ọ̀mù láti àwọn erékùṣù Caribbean pọ̀ nílẹ̀ nígbà náà, owó rẹ̀ kò sì ga. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Ernest Gantt ṣí ilé ọtí kékeré kan sí Hollywood, ó pè é ní Don's Beachcomber, èyí tó padà di Don the Beachcomber, ó fi oparun, àwọ̀n ìpẹja àti ẹrù ìrìn-àjò orí òkun ṣe ògiri rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, ó wá ń po rọ́ọ̀mù oríṣi méjì mẹ́ta mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti èròjà olóòórùn. Nígbà tó yá, ó yí orúkọ ara rẹ̀ padà sí Donn Beach. Ọtí Zombie tó ń pò le débi pé oníbàárà kan kò gbọ́dọ̀ mu ju méjì lọ. Ní 1934, Victor Bergeron náà ṣí tirẹ̀ sí Oakland, èyí tó padà di Trader Vic's, ibẹ̀ ló sì ti po ọtí Mai Tai ní 1944.

Ogun Àgbáyé Kejì ló gbé àṣà náà dé ilé gbogbo ènìyàn. Àwọn ọmọ ogun tó jà ní Pàsífíìkì gbé ìtàn erékùṣù bọ̀ wálé. Ìwé James Michener lórí Gúúsù Pàsífíìkì jáde ní 1947, ọdún yẹn náà ni Thor Heyerdahl fi gẹdú tí wọ́n so pọ̀ tukọ̀ láti Peru dé àwọn erékùṣù Polynesia. Hawaii di ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1959. Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyí ni ife olójú wá pọ̀ yanturu. Kó tó dìgbà náà, gíláàsì lásán, èèpo àgbọn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé ọtí fún èèyàn. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ife olójú wọ̀nyẹn, Japan ni wọ́n sì ti ń sun púpọ̀ nínú wọn. Otagiri wà lára àwọn tó ń kó wọn wọ Amẹ́ríkà. Nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń lọ sópin, àṣà náà ti rẹ̀, àwọn ilé ọtí náà ń wó lọ́kọ̀ọ̀kan, ife wọn sì di ẹrù tí wọ́n ń tà ní kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ níwájú ilé. Ẹni tó sọ ọ́ di ohun ìwádìí padà ni Sven Kirsten, ọmọ Jámánì tó ń gbé Los Angeles, tó tẹ The Book of Tiki jáde ní ọdún 2000. Ọdún yẹn gan-an ni iléeṣẹ́ Tiki Farm dìde, tó ń ṣe tuntun ní àwòṣe ti àtijọ́. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ ife tíkì lè tọ ipa ti àtijọ́, ó sì lè ra tuntun tó múra bí àgbà. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí, tuntun tó múra bí àgbà ni. Gíláàsì rẹ̀ mọ́ jù, kò sì sí àpá kankan nídìí rẹ̀ tó fi hàn pé ó ti ń fá ara tábìlì fún ọdún pípẹ́.

Ọ̀rọ̀ mímu ló yẹ kó ṣáájú, nítorí ife tí kò ṣeé mu nǹkan, ère ni, kí wọ́n sì tà á lówó ère. Mo bu yìnyín tí mo fọ́ wẹ́wẹ́ sí i, mo da zóbò alátalẹ̀ lé e. Àbùkù àkọ́kọ́ hàn lójú ẹsẹ̀: ẹnu rẹ̀ fún jù. Yìnyín há sí ọrùn, mo ní láti fi ìdí ṣíbí tì í wọlé. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ lèyí. Yìnyín fífọ́ ni ẹ̀mí ọtí tíkì. Ife Zombie ga, ó tọ́, ẹnu rẹ̀ sì gba yìnyín láti òkè dé ilẹ̀, kí ọtí lè tutù láti ìsàlẹ̀ wá. Ti Mai Tai kúrú, ó fẹ̀, kí ewé míǹtì àti èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ lè jókòó sókè, kí imú ẹni tó ń mu ún sì bá òórùn wọn pàdé kí ahọ́n tó tọ́ nǹkan kan wò. Ẹni tó ṣe ife mi yìí kò yan ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ojú ló gbájú mọ́, ó wá fi ẹnu ife ṣe ìyókù.

Àbùkù kejì wà nínú. Wọ́n fẹ́ gíláàsì náà sínú mólídì ni, nítorí náà inú rẹ̀ tẹ̀lé ìta: ibi tí imú bá ti yọ síwájú, ihò wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo fọ̀ ọ́ ní alẹ́, mo tún fọ̀ ọ́ láàárọ̀, àtalẹ̀ ṣì wà nínú ihò imú bàbá náà. Kàǹkàn kò lè dé ibẹ̀, àfi kéèyàn fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ wé aṣọ. Ẹni tó bá fẹ́ máa lò ó fún àlejò kó fi ohun tó mọ́ gaara sínú rẹ̀, kó má fi ohun tó ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ti rere rẹ̀ náà. Ibi tí apá méjèèjì mólídì ti pàdé, àárín etí ọ̀tún àti ti òsì ló gbà kọjá. Ẹni tó gé mólídì náà mọ̀ pé etí tó rí gbọọrọ yóò bo ojú ìpàdé mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ètè ife náà dán, kò ha ẹnu. Ìdí rẹ̀ wúwo tó láti dúró lórí tábìlì tó bá ń mì. Èyí tó sì dùn mọ́ mi nínú jù lọ ni ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe sí i. Bí zóbò bá wà nínú rẹ̀, ojú náà á ṣú, ìpéǹpéjú nìkan ni yóò kù tí èèyàn ń rí. Bí ó bá jẹ́ omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó, gbogbo ojú á là, ètè á hàn, eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ á hàn. Ife amọ̀ kò lè ṣe èyí láéláé. Àwọn tó ń wá ife tíkì máa ń fi ojú kékeré wo ti gíláàsì, wọ́n ní ti amọ̀ ni ojúlówó. N kò gbà pẹ̀lú wọn. Gíláàsì ló ṣáájú amọ̀ nínú ìtàn ilé ọtí Donn, gíláàsì nìkan ló sì ń jẹ́ kí ohun tó wà nínú ife bá ojú tó wà níta ṣiṣẹ́.

Ọ̀rẹ́ kan tó ti Amẹ́ríkà dé fi ife gíláàsì kan tí wọ́n ń pè ní Pearl Diver hàn mí, mo gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ife Donn Beach àtijọ́ kan ni wọ́n wò ṣe é: iléeṣẹ́ Cocktail Kingdom àti Jeff Berry, ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ ipasẹ̀ àwọn ọtí tíkì tó sọnù tó sì ní ilé ọtí Latitude 29 ní New Orleans, ni wọ́n jọ ṣe é. Kò sí ojú lára rẹ̀ rárá. Òrùka gíláàsì ló yí apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ká, ó sì ń fẹ̀ bọ̀ lókè. Bí òtútù bá mú kí ara ife máa làágùn, ọwọ́ kì í yọ̀ lórí òrùka wọ̀nyẹn. Yìnyín wọlé láìjà. Ẹni tó ṣe ti àkọ́kọ́ mọ ọwọ́, ó mọ ẹnu. Àwọn tó tún un ṣe sì ní ìrẹ̀lẹ̀ láti má fi tiwọn kún un. Bó bá ṣe pé mímu nìkan ni, ìdájọ́ ti parí síbẹ̀.

Kì í ṣe mímu nìkan, nítorí ojú wà. Àwọn tó gbẹ́ moai kò gbẹ́ wọn fún ẹ̀rín. Òkúta eléérú iná láti Rano Raraku ni wọ́n fi gbẹ́ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, baba ńlá ìdílé ni wọ́n dúró fún, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n nà ró sórí pèpéle sì kọ ẹ̀yìn sí òkun, wọ́n kọjú sí ìlú, wọ́n ń ṣọ́ àwọn ọmọ wọn. Ní 1978, wọ́n hú ẹyinjú kan jáde ní Anakena, iyùn funfun inú òkun ni wọ́n fi ṣe é. Ìgbà náà ni ayé tó mọ̀ pé ihò ojú tó ṣófo lára àwọn ère náà kì í ṣe bí àwọn tó gbẹ́ wọn ṣe fẹ́ kí wọ́n rí. Ó ní ẹyinjú tẹ́lẹ̀. Ife mi kò ní. Ihò méjì tó ṣókùnkùn ló wà lábẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀. Ère tó ti bàjẹ́ ni oníṣẹ́ gíláàsì wò, ó rò pé bí iṣẹ́ ṣe rí nìyẹn. Agbẹ́gilére Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò ní í ṣe irú àṣìṣe yẹn, nítorí ẹyinjú ló máa ń fún ní àkókò jù: ìpéǹpéjú rẹ̀, ihò ẹyinjú rẹ̀, igun rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ẹyinjú kọ́ ló ṣe pàtàkì, pé mímu ọtí nínú orí baba ńlá àwọn ẹlòmíràn, ìwọ̀sí ni. Àríyànjiyàn yìí ti wà láàárín àwọn tó ń ṣa ife tíkì jọ fúnra wọn, àwọn ọmọ Pàsífíìkì náà sì ti dá sí i. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Ohun tí kò jẹ́ kí n tètè gbà ni ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná ọ̀pọ̀ ilé ní Ṣàngó, ní Ìyànà-Iyèsí, títí dé ọ̀nà Ìdírókò. Ẹ ṣí i wò. Ife tí wọ́n pín níbi òkú bàbá lágbájá wà níbẹ̀, àwòrán bàbá náà wà lára rẹ̀ pẹ̀lú fìlà abetí ajá, ẹ̀rín díẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. A ń fi í mu omi, a ń fi í mu gàrí, ọmọ kékeré ń fi í bu tíì. Kò sí ẹni tó rò pé ìwọ̀sí ni. Bí ìdílé olóògbé bá wá kí wa tí wọ́n rí i pé a ṣì ń lò ó, inú wọn á dùn.

Nítorí náà, ojú òkú lára ife kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ tún ife òkú yẹn wò dáadáa. Orúkọ bàbá wà lábẹ́ àwòrán náà, pẹ̀lú oyè rẹ̀. Ọdún tí wọ́n bí i wà níbẹ̀, ọdún tó kú wà níbẹ̀, orúkọ ọmọ tó ṣe ife náà sì wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀: "Láti ọwọ́ ọmọ yín." Àwọn kan tiẹ̀ ń kọ orúkọ ẹgbẹ́ àti nọ́ńbà fóònù sí i, èyí ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n a gbọ́ wọn yé. Àwọn moai náà ní orúkọ. Hoa Hakananai'a ni orúkọ èyí tí ọkọ̀ ojú omi ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé kúrò ní Rapa Nui ní 1868, tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù títí dòní, tí àwọn ará erékùṣù náà sì lọ bẹ̀bẹ̀ fún ní 2018. Ọmọ Yorùbá tó bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìbíní ní 1897, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ère ààfin lọ, kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìyẹn. Ojú ni àwọn oníṣẹ́ ife gbé, wọ́n fi orúkọ sílẹ̀. Àbùkù tó tóbi jù lára iṣẹ́ yìí nìyẹn, ó sì ju ti ẹnu tó fún lọ.

Kì í ṣe moai nìkan ni orúkọ rẹ̀ sọnù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọtí tó wà nínú ife tíkì kì í ṣe ọtí Polynesia. Rọ́ọ̀mù Jàmáíkà ni, ti Guyana ni, ti Puerto Rico ni, ilẹ̀ ìrèké tí wọ́n fi agbára àwọn ẹrú láti Áfíríkà là, tí àwọn ọmọ Yorùbá sì wà lára wọn. Àwọn tó ń pò ó lẹ́yìn káúńtà Donn, ọmọ Philippines ni púpọ̀ nínú wọn. Ray Buhen, ọ̀kan lára wọn, ló ṣí Tiki-Ti ní Los Angeles ní 1961, ilé ọtí náà sì wà títí di ìsinsìnyí. Kò sí ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn lára ife kankan tí mo tíì rí.

Èyí ló mú mi ronú sí ohun tó wà nítòsí wa. Nínú Ọ̀tà níbí ni Intercontinental Distillers ti ń ṣe Squadron Dark Rum. Ní Agbára, nínú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ado-Odò/Ọ̀tà kan náà, iná ìléru Beta Glass ń jó, ìgò ń jáde. Yíyọ́ gíláàsì kò sì ṣàjèjì sí wa: ìwádìí Abídèmí Babalọlá ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ fi hàn pé àwọn baba wa ń ṣe gíláàsì fúnra wọn ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, láti inú yanrìn àti òkúta àdúgbò, ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣe. A tiẹ̀ ní ohun mímu ìdárayá tiwa tó ní ife tirẹ̀: Chapman, tí ìtàn sọ pé Sam Alamutu ló kọ́kọ́ pò ó ní Ikoyi Club, tí wọ́n ń gbé wá nínú ife bíà ńlá oníọwọ́ pẹ̀lú kùkúńbà tí wọ́n gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Rọ́ọ̀mù wà, gíláàsì wà, agbẹ́gilére wà. Kò sí ẹni tó tíì kó wọn jọ sójú kan.

Ṣé n ó fẹ́ kí wọ́n yọ ojú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sára ife rọ́ọ̀mù? Mo rò pé n ó fẹ́ ẹ, bí ọmọ Ọ̀tà kan bá ló gbẹ́ ẹ, tó sì fi orúkọ rẹ̀ sí i. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò bẹ̀rù ẹ̀rín. Ère tó ti gbé alùpùpù àti bàálù lérí rí kò ní í sá fún yìnyín. Ṣùgbọ́n bí ilé ìtura kan bá kàn ní kí wọ́n bá òun ṣe "ojú Áfíríkà kan" tí yóò bá kọ́tìnì mu, inú páálí ni kó wà.

Fún ẹni tó bá fẹ́ wá ife yìí kiri, ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ẹ wo ìdí rẹ̀ kí ẹ tó wo ojú: iléeṣẹ́ gíláàsì Libbey máa ń tẹ lẹ́tà L sídìí tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ti amọ̀ àtijọ́ ní "Japan" nídìí. Ẹ fi èékánná yí ẹnu rẹ̀ ká. Ibi tó bá ti ya díẹ̀, ojú lè má rí i, èékánná á rí i. Ẹ fi ìka gbá a: èyí tó bá dún gbọ̀ọ́ dípò kó dún gooro ti lanu níbì kan. Bí wọ́n bá fi wúrà tàbí ọ̀dà kun etí ẹnu gíláàsì àtijọ́, ẹ gbé e sórí pẹpẹ, ẹ má fi mu nǹkan, nítorí òjé lè wà nínú ọ̀dà náà. Ẹ má da omi gbígbóná sí èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú fíríìjì. Ní ti iye owó, ẹni tó ń ta tòkunbọ̀ ní Ṣàngó kì í dá iye lé ojú, bí ó ṣe tóbi tó ló ń wò, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó rí i pé inú yín dùn.

Ní tèmi, Pearl Diver ni n ó fi ṣe àlejò, ife olórí á wà lórí pẹpẹ. Bí àwọn oníṣẹ́ gíláàsì Agbára bá gbà láti ṣe irú ife olórí lọ́jọ́ kan, nǹkan mẹ́ta ni n ó bẹ̀ wọ́n fún: kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó kí yìnyín lè wọlé, kí ojú náà ní ẹyinjú, kí wọ́n sì tẹ orúkọ ẹni tí ojú náà jẹ́ sídìí rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó gbẹ́ mólídì àti ọdún tó gbẹ́ ẹ.